Bíréèkì Tó Sọnù, Tó Tún Padà: Ọ̀rọ̀ Lórí Ọ́ìlì Bíréèkì àti Kílọ́ọ̀ṣì ní Ìyànà-Ìbà

Ẹ dé ìsọ̀ àwọn tó ń ta ọ́ìlì ọkọ̀ ní Ìyànà-Ìbà, ẹ sọ pé ọ́ìlì bíréèkì lẹ wá rà. Ìbéèrè tí ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ ni, “Ńlá àbí kékeré?” Ẹ san owó, wọ́n gbé ìgò lé yín lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ parí. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni bi yín pé mọ́tò wo lẹ fẹ́ rọ ọ́ sí. Ó tún ṣọ̀wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n ní kí ẹ lọ ka ohun tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà kọ sórí ìdérí ike ọ́ìlì bíréèkì tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, orí ìdérí yẹn gan-an ni ìdáhùn wà. Nínú mọ́tò kékeré, gbogbo ọ́ìlì tó wà láàárín ẹsẹ̀ awakọ̀ àti táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò fi bẹ́ẹ̀ ju lítà kan lọ. Lítà kan yìí ni a gbé ẹ̀mí lé nígbà tí dánfó bá ń bọ̀ láti Òkokomáíkò, tí ọmọ iléèwé kan sì já sójú títì lójijì.

Àwa tí a ń gba ìkóríta Ìyànà-Ìbà yìí mọ bó ṣe rí. Ibẹ̀ ni ọ̀nà tó ti Ìṣẹ̀rì àti Ìgàndó wá, tó gba ẹ̀gbẹ́ LASU, ti pàdé títì márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá LASU, ìyẹn Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, sílẹ̀ ní 1983 ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń rọ́ gba ibẹ̀. Ọjà wà níbẹ̀, àwọn ọlọ́kọ̀ Mile 2 wà níbẹ̀, kọ́rópe àti kẹ̀kẹ́ Márúwá náà kò gbẹ́yìn. Láti 2009 tí ìjọba ìpínlẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ títì náà sí ọ̀nà mẹ́wàá, ọ̀pọ̀ ọdún la fi ń yà fún kòtò, tí a ń yà fún katakata, tí a sì ń fi orí ọkọ̀ ti ìdí ọkọ̀. Ọkọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ sáré ní Ìyànà-Ìbà, ṣùgbọ́n kò sí ìṣẹ́jú kan tí kì í dúró. Gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá sì dúró, eré tó ń sá kò lọ lásán: páàdì fún dísìkì mọ́ra, eré yẹn di ooru. Bí èrò inú ọkọ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni ooru náà ṣe ń pọ̀ tó. Bí eré bá sì di ìlọ́po méjì, ooru tí bíréèkì yóò gbà di ìlọ́po mẹ́rin.

Ọ̀rọ̀ yìí ní ìtàn ní agbègbè Ọ̀jọ́ tí Ìyànà-Ìbà wà. Ibùdókọ̀ tí a ń pè ní Volks lórí títì yìí gba orúkọ rẹ̀ lára ilé iṣẹ́ Volkswagen of Nigeria, tó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ níbẹ̀ ní 1975. Ibẹ̀ ni Beetle tí àwọn ènìyàn ń pè ní Ìjàpá ti ń jáde, ibẹ̀ náà ni Igala ti jáde. Bíréèkì Ìjàpá ń lo ọ́ìlì, ṣùgbọ́n wáyà ló ń fa kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Bí wáyà bá já, mẹkáníìkì á fi òmíràn sí i, ó tán. Nígbà tí HiAce àti irú àwọn ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gba ojú títì, tó jẹ́ pé ọ́ìlì ló ń ti kílọ́ọ̀ṣì wọn, iṣẹ́ di méjì: ọ́ìlì bíréèkì, ọ́ìlì kílọ́ọ̀ṣì. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ṣì ń ṣe sí èkejì bí ìgbà tí wáyà ló wà níbẹ̀. Wọn kì í wò ó títí yóò fi kọ̀ láti wọ gíà.

Pascal, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó gbé ayé ní nǹkan bí 370 ọdún sẹ́yìn, ló ṣàlàyé òfin tí gbogbo èyí dúró lé. Bí a bá ti ohun olómi tó wà nínú ibi tí a dé pa, ìtì náà yóò dé gbogbo ibi tí ohun olómi náà wà láìdínkù. Ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo fi lè dá táyà mẹ́rin dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Malcolm Loughead ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí bíréèkì ọlọ́ìlì ní 1917, ilé iṣẹ́ Duesenberg sì gbé e sórí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọkọ̀ tí wọ́n tà ní 1921. Òun pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ ni a wá mọ orúkọ wọn sí Lockheed, tó di orúkọ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú. Òróró lárà tí wọ́n fi ọtí líle là ni ọ̀pọ̀ bíréèkì ọlọ́ìlì àtijọ́ ń lò. Lárà tí àwọn ìyá wa mọ̀ dáadáa, tó ń hù káàkiri ẹ̀yìnkùlé, òun náà ti dá mọ́tò dúró rí.

Ohun tó wà nínú ìgò lónìí yàtọ̀. Kì í ṣe ọ̀rá rárá. Ẹ̀yà kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní glycol ni, ó sì fẹ́ràn omi. Bí iyọ̀ inú agolo tí a kò dé ṣe ń fa ọ̀rinrin títí yóò fi rin, bẹ́ẹ̀ ni ọ́ìlì bíréèkì ń ṣe. Omi ń gba ihò atẹ́gùn kékeré tó wà lórí ìdérí wọlé, ó ń gba ara rọ́bà họ́ọ̀sì wọlé díẹ̀díẹ̀, yálà a ń gun ọkọ̀ náà tàbí ó wà ní ìkàlẹ̀. Kò dìgbà tí ọkọ̀ bá wọ àgbàrá. Ìlú tí ọ̀sà wà lápá kan tí òkun wà lápá kejì, tí òjò ń rọ̀ láti oṣù kẹrin títí di oṣù kẹwàá, kò sí ibi tí ọ́ìlì yóò sá sí. Àwọn tó ṣe é mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó máa bá omi dàpọ̀ ni, nítorí omi tí kò bá dàpọ̀ yóò kóra jọ sí ìsàlẹ̀ kálípà tó ń ti páàdì, yóò sì dógùn-ún níbẹ̀.

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà dá ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀ràn ìrìnnà sílẹ̀ ní 1966, òun ni lẹ́tà DOT tó wà lára ìgò dúró fún. Òfin wọn ló sọ ìwọ̀n ooru tí oríṣi kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ lè gbà kó tó hó. DOT 3 tuntun kò gbọdọ̀ hó kí ooru tó dé dígírì 205 Celsius, DOT 4, dígírì 230, DOT 5.1, dígírì 260. Ọ̀pọ̀ ènìyàn dúró síbi nọ́ńbà yìí, wọ́n sì gbà pé èyí tó ga jù ló dára jù. Ṣùgbọ́n òfin kan náà ní nọ́ńbà kejì: ìwọ̀n ooru tí ọ́ìlì yóò gbà lẹ́yìn tó ti mu omi tó tó nǹkan bí ìdá 3.7 nínú ìdá 100. Níbẹ̀, DOT 3 já wá sí 140, DOT 4 sí 155, DOT 5.1 sí 180. Ẹ gbé nọ́ńbà méjèèjì ka iwájú ara yín, kí ẹ wò ó dáadáa. DOT 3 tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí lónìí, 205. DOT 4 tó ti mu omi, 155. Èyí tó rẹlẹ̀ lórúkọ ló dáàbò bo ẹ̀mí jù. Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ní mọ́tò ní agbègbè wa mọ̀ nìyí: ọjọ́ orí ọ́ìlì ṣe pàtàkì ju nọ́ńbà rẹ̀ lọ. Iyàn tí a máa ń jà lórí 3 àti 4 ní ìdí ọkọ̀, iyàn kékeré ni. Ọ́ìlì tó ti wà nínú ọkọ̀ láti ọdún mẹ́fà ni ewu.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti bà mí lẹ́rù jù ni pé ọ́ìlì tó hó kì í fi ẹ̀rí sílẹ̀. Awakọ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, ó ń tẹ bíréèkì léraléra, dísìkì gbóná kọjá dígírì 300, ooru náà gba inú kálípà wọ inú ọ́ìlì. Omi inú ọ́ìlì di oru. Ohun olómi kì í ṣe é tẹ̀ kó kéré, ṣùgbọ́n oru ṣe é tẹ̀. Oru yẹn ni ẹsẹ̀ awakọ̀ wá ń tẹ̀: pẹ́dà lọ sílẹ̀ títí ó fi kan ilẹ̀ ọkọ̀, páàdì kò sì mira. Nígbà mìíràn, ó tiẹ̀ lè jẹ́ lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀, nítorí pé atẹ́gùn tó ń fẹ́ sí dísìkì nígbà ìrìn ti dáwọ́ dúró, gbogbo ooru sì wá rọ́ sínú kálípà. Awakọ̀ tún gbéra, ó tẹ bíréèkì, kò bá a níbẹ̀.

Wọ́n fa ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Ó ti tutù nígbà yẹn, oru ti padà di omi, pẹ́dà ti le. Mẹkáníìkì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó yẹ abẹ́ ọkọ̀ wò, kò rí ibi tí ọ́ìlì ti jò, ó ní kò sí ohun tó ṣe bíréèkì. Òótọ́ ló sọ nípa ohun tó rí. Ibẹ̀ ni àwọn mìíràn ti máa ń gbà pé ọwọ́ ayé ló wà nínú rẹ̀, tàbí kí olówó ọkọ̀ sọ pé dẹ́rẹ́bà ń purọ́, kó sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bẹ gbogbo yín, kí a tó fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ béèrè ọdún tí wọ́n ti rọ ọ́ìlì yẹn.

Ilẹ̀ wa níhìn-ín tẹ́jú. Láti Mile 2 títí dé Àgbádárìgì, kò sí òkè kan tí ń dán ọkọ̀ wò. Ìdí nìyẹn tí ọ́ìlì tó ti bàjẹ́ fi lè wà nínú mọ́tò fún ọdún púpọ̀ kó má sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni Kérésì dé, ìdílé kó ẹrù sínú ọkọ̀, ó di ilé. Ẹni tó bá ń lọ sí Èkìtì láti apá Iléṣà yóò gba Ìwàrájà, yóò gun òkè Ẹ̀fọ̀n-Alààyè, yóò sì máa yí kọ́nà ní ẹ̀gbẹ́ òkè. Ọkọ̀ tó kún, ìsọ̀kalẹ̀ gígùn, ẹsẹ̀ tí kò kúrò lórí bíréèkì. Ọ́ìlì tí Ìyànà-Ìbà kò rí àṣírí rẹ̀ láti ọdún márùn-ún, òkè Ẹ̀fọ̀n lè tú u láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹni tó bá ń lọ sí irú ibẹ̀ kí ó pààrọ̀ ọ́ìlì kó tó gbéra. Nígbà ìsọ̀kalẹ̀, kí ó fi gíà kékeré mú ọkọ̀, kí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ máa dá a dúró. Mọ́tò tí kò ní kílọ́ọ̀ṣì náà ní L tàbí 2 lára gíà rẹ̀ fún iṣẹ́ yìí. Bí pẹ́dà bá sì rì lójijì, ẹ máa pọ́ǹpù rẹ̀ kíákíá, ẹ já gíà wálẹ̀, kí ẹ sì máa fa bíréèkì ọwọ́ díẹ̀díẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, wáyà ló ń fa bíréèkì ọwọ́, kò sí ọ̀rọ̀ ọ́ìlì níbẹ̀, ooru kò sì lè sọ ọ́ di òfo. Ó dùn mí pé ohun tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ èrò wa kọ́kọ́ ń pàdánù nìyẹn, tí wọn kì í sì í tún un ṣe.

Kí wá ni ká rà? Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ nu eruku orí ìdérí ike náà, ẹ ka ohun tó wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ Toyota àti Honda tó ń rìn ní títì wa, DOT 3 ni wọ́n kọ sí i. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Jámánì, DOT 4. Ẹni tí ìdérí rẹ̀ sọ pé 3 lè rọ 4 sí i láìsí wàhálà, wọ́n jọ ń dàpọ̀, ẹ̀yà kan náà ni wọ́n. Ẹni tí ìdérí rẹ̀ sọ pé 4 kò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ sí 3. Bí owó bá gbà á, èmi yóò ní kí ọlọ́kọ̀ èrò máa lo DOT 4 bí ìdérí bá tilẹ̀ sọ pé 3, nítorí ẹrù tó ń gbé àti ìgbà tó ń dúró lóòjọ́. Ṣùgbọ́n bí owó DOT 4 bá máa mú kó pẹ́ kó tó pààrọ̀ rẹ̀, kó ra DOT 3, kó máa pààrọ̀ rẹ̀ lásìkò.

DOT 5 ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Nọ́ńbà rẹ̀ ga, ó sì ń tan ènìyàn jẹ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹbí àwọn yòókù. Sílíkóònù ni wọ́n fi ṣe é, àwọ̀ àlùkò ló ní, kì í bá àwọn yòókù dàpọ̀, kì í sì í mu omi, nítorí náà omi tó bá wọ inú ọkọ̀ yóò dá dúró lọ́tọ̀, yóò sì máa ba irin jẹ́. Ó máa ń di atẹ́gùn mú nínú ara rẹ̀, èyí tí kò bá ọkọ̀ tó ní ABS (ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà dì pa nígbà bíréèkì) mu. DOT 5.1 ni ọmọ ìyá 3 àti 4, kì í ṣe DOT 5, ìtẹ̀ kékeré àti 1 tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló fi yàtọ̀. Àwọn mọ́tò òyìnbó tuntun kan tún ń béèrè DOT 4 tó ṣàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ nítorí ẹ̀rọ tó ń mú ọkọ̀ dúró ṣinṣin. Ìwé ọkọ̀ wọn yóò sọ bẹ́ẹ̀. Tírélà tó ń gbé kọ̀ǹtánà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí, atẹ́gùn ló ń ti bíréèkì tiwọn.

Àṣìṣe kan wà tó burú ju ọ́ìlì àtijọ́ lọ, òun ni kí a rọ ohun tí kì í ṣe ọ́ìlì bíréèkì sínú ike náà. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, ọ́ìlì gíà, ọ́ìlì sítíárìn, gbogbo wọn ló ní ọ̀rá, rọ́bà inú másítà, ìyẹn sílíńdà tí pẹ́dà ń tì, kò sì lè fara da ọ̀rá. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ báyìí: iná bíréèkì tàn lórí dáṣíbọọ̀dù, awakọ̀ rí i pé ọ́ìlì ti dín, ó wà lójú ọ̀nà, ìgò tó wà nínú búùtù rẹ̀ ni ti ẹ́ńjìnnì. Ó rọ díẹ̀ sí i, iná kú, ọkọ̀ ń lọ, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, rọ́bà inú másítà bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ó wú bo ihò kékeré tí ọ́ìlì ń gbà padà sínú ike. Ọ́ìlì tó ti lọ dá ọkọ̀ dúró kò wá rí ọ̀nà padà mọ́, bíréèkì dì mọ́ táyà láìsí ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ wúwo, epo ń tètè tán, ihò táyà ń rùn bí ohun tó ń jó. Ooru yẹn náà ni yóò sì wá mú ọ́ìlì hó.

Nígbà tí ó bá dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, fífọ̀ nìkan kò tó mọ́. Gbogbo rọ́bà tí ọ̀rá bá ti kàn ni wọn yóò yọ: ti másítà, ti kálípà, ti sílíńdà ẹ̀yìn, họ́ọ̀sì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àti ti kílọ́ọ̀ṣì bí wọ́n bá jọ ń lo ike kan. Bí ọkọ̀ bá ní ABS, owó rẹ̀ á tún ga sí i. Ìgò ọ́ìlì kan tí kò tó owó oúnjẹ ìdílé fún ọjọ́ kan ló fa gbogbo rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá ṣèèṣì rọ ọ́, tí ẹ kò sì tíì tẹ bíréèkì, ẹ má tẹ̀ ẹ́ rárá, ẹ má sì wakọ̀ náà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fa gbogbo ohun tó wà nínú ike jáde kó tó sọ̀ kalẹ̀ sínú páìpù.

Ọ̀nà kan tó rọrùn wà láti mọ̀ bóyá ọ̀rá ti wọ inú ike. Ẹ bu omi sínú ife tí ojú ń là kọjá, ẹ fa ọ́ìlì díẹ̀ láti inú ike, ẹ kán an sínú omi náà. Ọ́ìlì bíréèkì tòótọ́ yóò yọ́ mọ́ omi, kò ní léfòó. Bí ẹ bá rí ohun tó ń dán tó léfòó lórí omi, ọ̀rá ni. Èyí kò sọ fún yín bí ọ́ìlì náà ti pẹ́ tó, kò sì sọ bóyá ẹnì kan ti fi omi là á. Ohun tí ẹ bá fi dán an wò, ẹ dà á nù, ẹ má rọ ọ́ padà.

Àwọn kan ń sọ pé omi ọṣẹ lè gbé ènìyàn délé. Mo ta ko ó pátápátá. Dígírì 100 ni omi ń hó, bíréèkì máa ń gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín Òkokomáíkò sí Mile 2, ohun tó bá sì kù níbẹ̀ yóò dógùn-ún inú másítà. Ọkọ̀ tí kò ní ọ́ìlì bíréèkì, ẹ jẹ́ kí wọ́n fà á.

Ó yẹ kí a tún bi ara wa pé níbo ni ọ́ìlì tó dín náà lọ. Inú ibi tí a dé pa ló wà, kì í jó bí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ṣe ń jó. Bó bá ń dín díẹ̀díẹ̀ láàárín oṣù púpọ̀, páàdì ló ń jẹ tán, tí ohun tó ń ti páàdì nínú kálípà sì ń jáde síwájú, tí ọ́ìlì wá ń kún àyè tó fi sílẹ̀. Ẹni tó bá rọ ọ́ kún nígbà yẹn ti pa ìkìlọ̀ lẹ́nu mọ́, nígbà tí wọ́n bá sì fi páàdì tuntun sí i, ọ́ìlì yóò ya síta, yóò bó ọ̀dà ara ọkọ̀. (Bó bá dà sára ọ̀dà, omi púpọ̀ ni kí ẹ fi ṣàn án lójú ẹsẹ̀, ẹ má nù ún.) Bó bá dín láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó ń jò níbì kan ni. Ẹ wo inú ihò táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ wo abẹ́ pẹ́dà nínú ọkọ̀, níbi tí kápẹ́ẹ̀tì ti ń tutù láìsí ẹni tó da omi síbẹ̀.

Ibi tí a ti sábà máa ń gbàgbé láti wò ni kílọ́ọ̀ṣì. Sílíńdà méjì ló ní, ti òkè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ́dà àti ti ìsàlẹ̀ tó wà lára gíà. Ọ́ìlì kan náà tí bíréèkì ń lò ni òun náà ń lò. HiAce ní ike tirẹ̀ lọ́tọ̀. Nínú Golf àti àwọn ọkọ̀ Jámánì mìíràn, ike bíréèkì ni kílọ́ọ̀ṣì ti ń mu. Àwọn tó ṣe é fi ẹnu páìpù kílọ́ọ̀ṣì sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ike, kó lè jẹ́ pé bí kílọ́ọ̀ṣì bá jò, kò ní lè fa gbogbo ọ́ìlì bíréèkì tán. Nítorí náà, gíà tó bẹ̀rẹ̀ sí í le nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ àmì pé ọ́ìlì ike bíréèkì ti lọ sílẹ̀. Kílọ́ọ̀ṣì kì í gbóná bí bíréèkì, ohun tó ń bà á jẹ́ ni ìpẹ́: omi ń dógùn-ún inú sílíńdà, ògùn-ún ń gé rọ́bà, rọ́bà tó gé sọ ọ́ìlì di dúdú bíi ti ẹ́ńjìnnì. Àwọn tó ń ra sílíńdà tuntun lọ́dọọdún láìfọ ọ́ìlì dúdú náà jáde, owó wọn ni wọ́n ń sọ nù.

Tókunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ mọ́tò tí a ń rà, títì Èkó sí Àgbádárìgì yìí sì ni ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọlé láti Kùtọnu àti Sẹ̀mẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ìjọba tó fòfin de gbígbé ọkọ̀ gba ẹnubodè ilẹ̀ wọlé ní oṣù kìíní 2017. Ọkọ̀ tí wọ́n pa tì sí ọgbà ní òkè òkun, tó jókòó sínú ọkọ̀ ojú omi, tó tún jókòó sí ibi tí wọ́n ti ń tà á, ọ́ìlì rẹ̀ ń mu omi ní gbogbo àkókò yẹn. Àwọn oníṣòwò máa ń fọ ara ọkọ̀, wọ́n ń yí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Ti bíréèkì kì í sábà sí nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá sanwó tókunbọ̀, kí ẹ tó fi gbé ọmọ lọ síléèwé, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì bíréèkì rẹ̀. Ẹ má wo àwọ̀. Èyí tó dúdú ti pẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tó mọ́ lójú lè ti mu omi yó.

Ìgò náà fúnra rẹ̀ ní òfin. Ìlànà Amẹ́ríkà tí mo mẹ́nu bà ní kí ìgò tó bá kọjá ìwọ̀n kékeré kan ní ohun tí wọ́n lẹ̀ pa mọ́ ẹnu rẹ̀ lábẹ́ ìdérí, kí wọ́n sì kọ ìwọ̀n ooru tó fi ń hó lẹ́yìn tó bá ti mu omi sí i lára. Nítorí náà, ẹ ṣí ìdérí lójú ẹni tó tà á. Bí ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn bá ti ya, ẹ dá a padà. Ọ́ìlì tí wọ́n ń wọ̀n jáde láti inú jálá sínú ìgò omi mímu, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. Ìkìlọ̀ tó wà lára ojúlówó ìgò ni pé a kò gbọdọ̀ rọ ọ́ sínú ohun mìíràn, májèlé sì ni fún ọmọdé tó bá rò pé ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni. Èyí tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn iṣẹ́, tó sì ti wà ní ṣíṣí fún oṣù mélòó kan ní ìsọ̀ mẹkáníìkì, kò yẹ fún ọkọ̀ ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹ ra ìgò kékeré bó bá jẹ́ díẹ̀ lẹ nílò.

Iṣẹ́ pípààrọ̀ kò le fún mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n. Ó fa èyí tó wà nínú ike jáde, ó rọ tuntun sí i, ọmọṣẹ́ jókòó sínú ọkọ̀, òun wà nídìí táyà. “Tẹ̀ ẹ́! Dì í mú!” Ó tú nípù, ọ́ìlì dúdú ń jáde gba inú họ́ọ̀sì kékeré, ó dì í padà kí ọmọṣẹ́ tó gbé ẹsẹ̀ sókè. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, táyà tó jìnnà sí másítà jù ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Ike kò gbọdọ̀ gbẹ lásìkò yìí, nítorí atẹ́gùn tó bá wọ inú ABS, ó lè gba kọ̀ǹpútà kó tó jáde. Ẹni tó bá ní òun kàn bíléèdì rẹ̀ tí atẹ́gùn jáde, tí ọ́ìlì àtijọ́ sì ṣì wà nínú rẹ̀, kò tíì pààrọ̀ ohunkóhun. Ẹ dúró títí ohun tó ń jáde ní táyà kẹrin yóò fi mọ́ bí èyí tó wà nínú ìgò.

Ọdún méjì ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ Yúróòpù ní kí a máa pààrọ̀ rẹ̀, Honda ní ọdún mẹ́ta. Fún ọ̀rinrin Èkó àti ìdúró Ìyànà-Ìbà, èmi fara mọ́ ọdún méjì. Fún dánfó, mo mọ ibi tí bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀: dẹ́rẹ́bà ń jíṣẹ́ owó fún olówó ọkọ̀ lójoojúmọ́, ohun tó bá bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀ sì ń bọ́ sí i lọ́rùn. Kò sí bí ẹni tí yóò dá ọkọ̀ padà lọ́la ṣe máa fi owó ara rẹ̀ fọ ọ́ìlì tí kò tíì kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Olówó ọkọ̀ ló yẹ kó san án. Òun ló ń tún ìwé ọkọ̀ ṣe lọ́dọọdún, ó sì ń rántí rẹ̀ nítorí àwọn tó ń dá ọkọ̀ dúró lójú títì. Bó bá ti tún ìwé ṣe lẹ́ẹ̀mejì, kó fi ọjọ́ kan náà gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, kó ra ọ́ìlì náà fúnra rẹ̀, kó rí i pé ẹnu ìgò kò tíì ṣí, kí wọ́n sì fi gègé tí kì í pa rẹ́ kọ oṣù àti ọdún sí ẹ̀gbẹ́ ike náà, níbi tí dẹ́rẹ́bà tó bá gba ọkọ̀ lẹ́yìn èyí yóò ti lè kà á.